Ta Ló Yẹ Kó Dájọ́ Lórí Orúkọ Ẹni? Júrì àti Òfin Ìbanilórúkọjẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin amòfin tó wà láàárín wa. Mo fẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lọ́dún 1792, àwọn tó ń jà fún òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ gidi gan-an. Ilé aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin jáde pé júrì ni yóò máa sọ bóyá ìwé tí ènìyàn kọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe adájọ́. Lọ́dún 2013, àwọn akọ̀ròyìn, àwọn òǹkọ̀wé àtàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún yọ̀ nígbà tí ilé aṣòfin kan náà tún òfin ìbanilórúkọjẹ́ ṣe, tó sì ti júrì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀. Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni àwọn méjèèjì ní àwọn ń jà fún.

Ṣé àwọn ti ẹ̀yìn gbàgbé ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ jà fún ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pè wọ́n lẹ́jọ́ ló yí padà. Nígbà tó jẹ́ ọba àti ìjọba ló ń pe ẹjọ́, ẹ̀yìn júrì ni òǹkọ̀wé ń sá sí. Nígbà tó di pé olówó ló ń pe ẹjọ́, júrì di ohun tí olówó fi ń dẹ́rù bà á. Ẹni tí kò bá fi ìyẹn sọ́kàn, tó kàn ń bèèrè pé ṣé júrì dára àbí kò dára, kò ní rí ìdáhùn.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá tíì bá wọn jókòó ní kóòtù rí. Júrì ni àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà láti inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Méjìlá ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ ní England. Wọn kì í ṣe amòfin. Ọ̀kan lè jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òmíràn nọ́ọ̀sì, òmíràn ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ tán, wọ́n á wọ yàrá kan lọ, wọ́n á jáde wá sọ ẹni tó jàre. Wọn kò ní sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti parí, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé àwa náà ní júrì láyé àtijọ́, pé Ọ̀yọ́ Mèsì ni. Mi ò gbà. Baṣọ̀run kì í parí ẹjọ́ tán kó di ará ìlú lásán. Oyè wà lórí rẹ̀, agbo ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní ohun tirẹ̀ tó ń bá Aláàfin dù. Ìlànà ìjọba tó ní ọgbọ́n nínú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe júrì. Ohun tó fún júrì lágbára ni pé alágbára kò mọ̀ wọ́n lánàá láti fún wọn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì ní rí wọn lọ́la láti gbẹ̀san.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí 1688. Ọba James Kejì pàṣẹ pé kí wọ́n ka ìkéde òun kan, tó fi dá àwọn òfin ẹ̀sìn kan dúró, nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Bíṣọ́ọ̀bù méje, tí Sancroft, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, ṣíwájú wọn, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i pé kó dákun, òfin kò fún un ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni o! Ọba ní ìwé ọ̀tẹ̀ tó ń ba ìjọba òun jẹ́ ni, ó sì ní kí wọ́n kó wọn lọ sí túbú ní Tower of London. Nígbà tí ẹjọ́ dé Westminster Hall nínú oṣù Kẹfà, adájọ́ mẹ́rin ló jókòó. Ọba ló yàn wọ́n, síbẹ̀ ẹnu wọn kò kò: méjì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, méjì ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá kù sọ́wọ́ júrì.

Wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá mọ́jú láìfún wọn lóúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Michael Arnold, ló ń pọntí fún ààfin. Wọ́n ní ó ń ráhùn pé bí òun bá ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò jẹ̀bi, òun kò ní pọntí fún ọba mọ́. Bí òun bá sì ní wọ́n jẹ̀bi, kò sí ẹlòmíràn tí yóò ra ọtí òun. Òun ló ṣagídí pẹ́ jù. Ìtàn náà ní ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan nínú wọn wá sọ fún un pé kó wo òun dáadáa, òun lòun tóbi jù nínú àwọn méjìlá, òun á sì jókòó síbẹ̀ títí òun á fi rù dà bí ìkòkò tábà kí òun tó gbà pé ìwé ẹ̀bẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Arnold gbà. Wọ́n jáde, wọ́n ní wọn kò jẹ̀bi, ariwo ayọ̀ sì gba ìlú London.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé kò sọ júrì di áńgẹ́lì. Ọtí tí Arnold ń tà ló ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ọba lé àwọn adájọ́ méjì tí kò sọ̀rọ̀ sí i dùn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò rí nǹkan kan fi júrì ṣe. Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ lé wọn kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní New York ní 1735, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. John Peter Zenger ń tẹ ìwé ìròyìn kan tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu Gómìnà William Cosby. Wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́jọ kí ẹjọ́ tó wáyé. Ìyàwó rẹ̀, Anna, ló ń bá iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ. Àwọn agbẹjọ́rò tó kọ́kọ́ dúró fún un, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin ìgbà náà sì rí báyìí: òótọ́ kì í gba ènìyàn sílẹ̀. Bí ohun tí o kọ nípa gómìnà bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tún wúwo sí i ni, torí pé òótọ́ máa ń mú kí ará ìlú bínú sí ìjọba ju irọ́ lọ. Agbẹjọ́rò àgbàlagbà kan, Andrew Hamilton, wá láti Philadelphia. Kò jiyàn pé Zenger kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbà pé ó tẹ̀ ẹ́, ó sì yíjú sí júrì, ó ní kí wọ́n fi ọkàn ara wọn dá a. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde: kò jẹ̀bi.

Àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tiwọn, iṣẹ́ júrì kò ju kí wọ́n sọ bóyá lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí tẹ ìwé náà jáde. Adájọ́ ni yóò sọ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Agbẹjọ́rò kan, Thomas Erskine, bá wọn fà á lórí ẹjọ́ àlùfáà àgbà ti St Asaph ní 1784, àwọn adájọ́ kò sì gbà fún un. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni olóṣèlú kan, Charles James Fox, gbé e lọ sílé aṣòfin. Òfin 1792 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ Fox ni wọ́n ṣì fi ń pè é.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìjọba jáwọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú pípe òǹkọ̀wé lẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá ló rọ́pò wọn: olóṣèlú, gbajúmọ̀, ilé iṣẹ́ olówó. Wọn kò béèrè ẹ̀wọ̀n, owó gbà-má-bínú ni wọ́n ń béèrè. Júrì sì tẹ̀lé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀. Òfin ilé ẹjọ́ àgbà ti 1981, abala 69, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá wà nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí júrì, àyàfi tí ìwé tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ náà bá pọ̀ débi pé kò ní rọrùn.

Ibí ni nǹkan ti wọ́. Olóṣèlú kan wà, òǹkọ̀wé ni pẹ̀lú, Jeffrey Archer. Ìwé ìròyìn Daily Star kọ ọ́ pé ó bá aṣẹ́wó lò pọ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1987. Nígbà tí Adájọ́ Caulfield ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún júrì kí wọ́n tó wọ yàrá, ńṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin ìyìn ìyàwó Archer. Ó sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ìwà rẹ̀, ó tilẹ̀ bi wọ́n léèrè bóyá obìnrin náà kò ta sánsán. Ohun tó fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn ni pé kí ni ọkùnrin tó ní irú ìyàwó yìí nílé ń wá lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì játijàti. Júrì fún Archer ní £500,000. Ní 2001, júrì mìíràn ní Old Bailey, kóòtù ọ̀daràn ní London, rí i pé ó parọ́ lábẹ́ ìbúra nítorí ẹjọ́ yẹn, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin, ó sì dá owó náà padà.

Àwọn tí kò fẹ́ràn júrì máa ń na ìka sí ẹjọ́ Archer. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin yẹn kọ́kọ́ wọ̀ lójú? Adájọ́ ni!

Ẹ̀sùn tó lágbára jù sí júrì ni ti owó. Ní 1989 nìkan, júrì kan fún Sonia Sutcliffe, ìyàwó apànìyàn Peter Sutcliffe, ní £600,000 lọ́wọ́ ìwé ìròyìn Private Eye; júrì mìíràn fún Lord Aldington ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́ùn lọ́wọ́ òǹkọ̀wé Nikolai Tolstoy. Ian Hislop, olóòtú Private Eye, jáde síta ó ní bí èyí bá jẹ́ ìdájọ́ òdodo, a jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òun. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, owó Sutcliffe já sí £60,000. Ti Tolstoy dé kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, wọ́n sì sọ ní 1995 pé owó náà pọ̀ débi tó fi tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ lójú.

Kí ló fà á tí owó fi ń ga báyẹn? Ìdí rẹ̀ rọrùn, ó sì máa yà yín lẹ́nu: kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti dá iye fún júrì. Agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ dárúkọ iye. Adájọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìjàm̀bá mọ́tò, iye báyìí ni kóòtù máa ń fún un. Wọ́n kàn ní kí wọ́n lo ọgbọ́n orí wọn. Ẹ mú èèyàn méjìlá tí kò rí £100,000 rí lójú kan, ẹ ní kí wọ́n dá owó orúkọ fún gbajúmọ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ ṣi owó dá ni, àbí kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?

Àmọ́ wọ́n ti rí oògùn ìyẹn kí 2013 tó dé. Òfin kan ní 1990 fún kòtẹ́milọ́rùn lágbára láti gé owó tí júrì dá, kí wọ́n sì fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní 1995, lórí ẹjọ́ Elton John, kòtẹ́milọ́rùn gbà kí wọ́n máa sọ iye tí ẹni tó fara pa ń gbà fún júrì, wọ́n sì gé £350,000 rẹ̀ sí £75,000. Ohun tí ìwé ìròyìn Sunday Mirror sọ nípa rẹ̀ kò ju pé ó ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu ó sì ń tu ú dànù nítorí kó má baà sanra. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé owó ló lé júrì lọ kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀. Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí pé òun ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ká ní ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé: "Ọlọ́pàá ń wádìí káńsẹ́lọ̀ lórí owó ọ̀nà tó sọnù." Kí ni gbólóhùn yẹn sọ nípa káńsẹ́lọ̀? Ó lè jẹ́ pé ó jalè. Ó lè jẹ́ pé ìdí wà tí a fi lè fura sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ìdí wà láti wádìí lásán, bí wọ́n ṣe lè wádìí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́, oníròyìn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ọkùnrin náà jalè, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìkẹta, ẹ̀rí tí yóò wá kò tó nǹkan. Òfin Gẹ̀ẹ́sì sì ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni gbólóhùn máa ní nílé ẹjọ́.

Nígbà tí júrì wà, júrì nìkan ló lè yan ìtumọ̀ yẹn, òpin ẹjọ́ ni wọ́n sì ń yàn án. Adájọ́ kò lè ṣe ju kó sọ bóyá ìtumọ̀ kan ṣeé ṣe lọ. Nítorí náà, fún ọdún kan, ọdún méjì, agbẹjọ́rò méjèèjì ń múra sílẹ̀ de ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹlẹ́rìí fún tibí, ìwé fún tọ̀hún, wákàtí sì ni àwọn lọ́yà ń kà gba owó. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an, owó ẹjọ́ ti ju owó gbà-má-bínú lọ. Ìwé ìròyìn kékeré a tọrọ àforíjì lórí ohun tó mọ̀ pé òótọ́ ni, torí kò lówó tí yóò fi dé iwájú júrì.

Nísinsìnyí tí adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, ó lè ka àpilẹ̀kọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó gbọ́ agbẹjọ́rò fún ọjọ́ kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń kú síbẹ̀. Olùpẹjọ́ á rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò wúwo tó bí òun ṣe rò, tàbí olùjẹ́jọ́ á rí i pé ó wúwo ju ohun tí òun lè gbé lọ. Ní tèmi, àǹfààní kan ṣoṣo yìí tó láti fi dá àwọn aṣòfin 2013 láre.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ẹjọ́ Simon Singh, òǹkọ̀wé sáyẹ́ǹsì. Ó kọ̀wé nínú Guardian ní 2008 pé àwọn ìtọ́jú kan tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ to egungun ẹ̀yìn ń polówó fún àwọn ọmọdé kò ní ẹ̀rí nídìí. Ẹgbẹ́ náà pè é lẹ́jọ́. Ní 2009, adájọ́ kan tó gbọ́ ọ láìsí júrì ní ohun tó kọ túmọ̀ sí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń tan èèyàn jẹ, tí kì í sì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀ lásán. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rí ìyẹn hàn? Nínú oṣù Kẹrin 2010, adájọ́ mẹ́ta ní kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, wọ́n ní èrò ọkàn ni. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹgbẹ́ náà kó ẹjọ́ wọn lọ sílé. Ẹjọ́ yìí wà lára ohun tó ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde láti béèrè òfin tuntun.

Kí n má parọ́ fún yín o: àìsí júrì nìkan kò sọ ẹjọ́ di kúkúrú. Ilé oúnjẹ McDonald's pe Helen Steel àti Dave Morris, akúṣẹ̀ẹ́ méjì, lẹ́jọ́ lórí ìwé pélébé tí wọ́n ń pín. Kóòtù kọ̀ láti fún wọn ní júrì, ó ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ ti le jù. Adájọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, ọjọ́ 313 ló sì fi gbọ́ ọ, tó parí ní 1997. Kò sí ìrànwọ́ owó agbẹjọ́rò látọ̀dọ̀ ìjọba fún wọn. Strasbourg sọ ní 2005 pé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu.

Òfin tuntun náà, Defamation Act 2013, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2014 ní England àti Wales. Abala 1 rẹ̀ ní kò sí ẹjọ́ àyàfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ba orúkọ olùpẹjọ́ jẹ́ gidigidi tàbí tó bá fẹ́ bà á jẹ́ gidigidi; bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ fi àdánù owó ńlá hàn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Lachaux ní 2019 pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lórí ìwé nìkan. Abala 4 dáàbò bo ẹni tó kọ̀wé lórí ohun tó kan ará ìlú, tó sì ní ìdí láti gbà pé ó yẹ kí òun kọ ọ́. Abala 11 ni ti júrì: ẹjọ́ yóò wáyé láìsí júrì, àyàfi tí kóòtù bá pàṣẹ mìíràn.

Ó kan àwa tí a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, pàápàá àwọn tí ọwọ́ wọn yá lórí gúrúpù WhatsApp. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ránṣẹ́ síwájú lè jẹ́jọ́ bí ẹni tó kọ ọ́, kó má rò pé "wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni" yóò gba òun. Ọdún kan ni olùpẹjọ́ ní láti pe ẹjọ́. Bí ẹ bá sì fi Yorùbá bú ara yín, wọ́n á túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún kóòtù, olùpẹjọ́ á sì fi hàn pé àwọn tó kà á gbọ́ èdè náà. Adájọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín yẹ̀yẹ́ àti èébú nínú èdè wa ni yóò wá sọ bí ó ṣe dun ẹni náà tó. Mi ò rò pé júrì méjìlá láti Leeds yóò ṣe é dáadáa jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Gbólóhùn kékeré inú abala 11 yẹn, "àyàfi tí kóòtù bá pàṣẹ mìíràn," kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Tim Yeo, ọmọ ilé aṣòfin nígbà náà, pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Times lẹ́jọ́. Ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ló wá béèrè júrì! Ní 2014, Adájọ́ Warby kọ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé adájọ́ yóò kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀, júrì kò ní kọ ọ́, ará ìlú sì yẹ kó mọ ìdí. Yeo pàdánù ẹjọ́ náà lọ́wọ́ adájọ́ ní 2015, nítorí náà kò sí ohun tó bàjẹ́ fún ìwé ìròyìn.

Ẹ óò ti máa dúró de ẹjọ́ Johnny Depp, òṣèré sinimá ọmọ Amẹ́ríkà. Ní London, ìwé ìròyìn Sun pè é ní ẹni tó ń lu ìyàwó. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, Sun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni. Ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Adájọ́ Nicol nìkan dá a pé òótọ́ ni ní pàtàkì, ó yẹ ẹ̀sùn mẹ́rìnlá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gba méjìlá nínú wọn, ó kọ ìdí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, Depp pe ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, Amber Heard, fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí àpilẹ̀kọ kan. Níbẹ̀, látìgbà ẹjọ́ Sullivan ní 1964 àti àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀lé e, ẹrù wúwo wà lọ́rùn gbajúmọ̀ tó bá pe ẹjọ́: ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé irọ́ ni, kó sì tún fi hàn pé ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni tàbí kò bìkítà. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, júrì ènìyàn méje dá a láre ní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n ní kí Heard san mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là, òfin ìpínlẹ̀ sì gé apá kan nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí Depp san mílíọ̀nù méjì fún Heard.

Èwo ló tọ̀nà? Olùjẹ́jọ́ yàtọ̀, ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́ kò sì rí bákan náà délẹ̀, torí náà mi ò ní dájọ́ lórí ìgbéyàwó àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tí mo rí ni pé mo lè ka ìdájọ́ Nicol láti orí dé ìdí, kí n sì bá a jiyàn níbi tó bá wù mí. Ìwé tí júrì Virginia kọ kò ju ìdáhùn sí ìbéèrè àti iye owó lọ. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ẹjọ́ náà wà lójoojúmọ́, júrì ń sùn sílé wọn, gbogbo ayé sì ń fi Depp àti Heard ṣe fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣiyèméjì pé àjèjì méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò lè bá sọ̀rọ̀ ní 1688 ṣì wà láyé fún ẹjọ́ gbajúmọ̀.

Ní Ireland, júrì ṣì wà ní kóòtù àgbà fún irú ẹjọ́ yìí nígbà tí ìjọba gbé àbá òfin dé ilé aṣòfin ní 2024 láti yọ ọ́. Ní 2010, júrì kan níbẹ̀ fún Donal Kinsella ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀, lórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn nípa bó ṣe ń rìn lójú oorun ní ìhòòhò. Kòtẹ́milọ́rùn gé e sí €250,000 ní 2019. Mo lóye ìjọba wọn.

Ibi tí èmi dúró sí rèé. Níbi tí olówó ti ń pe akọ̀wé lẹ́jọ́ fún owó, kí adájọ́ gbọ́ ọ, kó sọ ìtumọ̀ ní kíá, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti wà ní apá kan ẹjọ́, mo fẹ́ júrì. England fúnra rẹ̀ fi díẹ̀ pamọ́: abala 69 ti 1981 ṣì wà fún ẹni tí ọlọ́pàá tì mọ́lé láìtọ́ tàbí tí wọ́n fi àrankàn pè lẹ́jọ́, ẹni náà ṣì lè béèrè júrì títí dòní. Bí mínísítà tó wà lórí oyè bá pe oníròyìn lẹ́jọ́, inú mi ìbá dùn kí kóòtù lo àṣẹ abala 11, kódà bí ẹjọ́ Yeo bá ti mú un ṣòro.

Ó wá kù sí Nàìjíríà, torí pé láti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ìbanilórúkọjẹ́ wa ti wá. Kò sí júrì ní Nàìjíríà lónìí. Fún ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ṣì ń pe ìbanilórúkọjẹ́ ní ọ̀daràn. Abala 375 nínú Criminal Code ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni, méjì bí ẹni náà bá mọ̀ pé irọ́ ni òun ń sọ. Òótọ́ nìkan kò sì gba olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé sísọ rẹ̀ ṣe ìlú láǹfààní. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n lábẹ́ irú òfin yìí ní 1928, lórí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ Lagos Daily News gbé jáde nípa ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Elékò. Òyìnbó ló ń ṣèjọba nígbà náà. Òyìnbó ti lọ, abala náà kò bá wọn lọ.

England pa ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn yìí rẹ́ pátápátá, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Ghana ti pa tiwọn rẹ́ láti 2001. Ní tiwa, kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú àwọn ọdún 1980, lórí ẹjọ́ Arthur Nwankwo, pé òfin ìdìtẹ̀ kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n fi ń kó àwọn tó bá kọ ohun tó "bí ènìyàn nínú", kóòtù ECOWAS bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní 2022, Abuja sì dín in kù ní 2024. Abala 375 ṣì wà níbẹ̀. Ẹni ńlá á fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á lọ mú akọ̀wé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, májísíréètì kan á sì jókòó lórí béèlì rẹ̀. Bíi ti 1688 gẹ́lẹ́ ló rí, àfi pé Michael Arnold àti àwọn mọ́kànlá yòókù kò sí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí a lọ dá júrì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Owó rẹ̀ pọ̀, àwọn ẹjọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ pọ̀, ẹni tó mọ kóòtù wa mọ̀ pé ọdún púpọ̀ ni yóò gbà. Èyí tó rọrùn ju ìyẹn lọ ni kí a yọ ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò nínú ìwé. Òfin ọ̀daràn ìpínlẹ̀ ni. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti pa á rẹ́ láìdúró de Abuja. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ ṣì lè gba kóòtù lọ fún owó gbà-má-bínú bó ṣe wù ú. Ọlọ́pàá ni kò ní í bá a dá sí i mọ́.